Ọ̀kadà Tí Wọ́n Ti Bọ́ọ̀ Àti Èyí Tí Wọn Ò Tíì Ṣí: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ta ọ̀kadà àlòkù: "Wọn ò tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì ẹ̀ rí." Ẹni tó bá sì jẹ́wọ́ pé wọ́n ti bọ́ọ̀ tiẹ̀, ìyẹn pé wọ́n ti gbẹ́ inú ẹ́ńjìnì ẹ̀ fẹ̀, ojú ẹsẹ̀ la máa ń já owó ẹ̀ walẹ̀. Èmi náà sá fún èyí tí wọ́n bọ́ọ̀ nígbà kan, mo lọ ra "tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn." Kó tó pé oṣù méjì, mi ò lè lọ sóko láìgbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì dání.

Ìgbà tí sìlíńdà, ihò tí písítìn ti ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnì, bá ti jẹ ni wọ́n ń bọ́ọ̀ ọ́. Táńà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, á gbẹ́ inú ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kó tún rí roboto, wọ́n á sì fi písítìn àti ríìngì tó ká a lára tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ sí i. Nọ́ńbà písítìn ọ̀hún ni 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00, ìyẹn ìdá mílímítà tó fi ju ti ilé iṣẹ́ lọ.

Àwọn kan ní ẹ́ńjìnì tí wọ́n bọ́ọ̀ ti "lágbára jù," ara ẹ̀ ò ní gbà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Sìlíńdà ọ̀kadà Boxer 150 fẹ̀ tó mílímítà 56, písítìn ẹ̀ sì ń rin 58.8 lókè-nílẹ̀: 144.8 cc nìyẹn, ìyẹn ìwọ̀n àyè inú sìlíńdà. Ẹ bọ́ọ̀ ọ́ sí 0.50, ó di nǹkan bíi 147.4. Kọ́ńródì, irin tó gbé písítìn dúró, ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Iṣẹ́ táńà tí ò mọṣẹ́ ló ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Táńà tó mọṣẹ́ á ní kí ẹ gbé písítìn tuntun wá kó tó gbẹ́ ohunkóhun, torí òun ló máa fi wọn sìlíńdà. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ò ju ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà mélòó kan lọ. Tó bá há jù, lọ́jọ́ tí ẹ bá di àpò kajú mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹ ń gun òkè Ògìdì nínú oòrùn, písítìn á wú, á gan síbẹ̀. Tó bá gbòòrò jù, ẹ ó máa gbọ́ kò-kò-kò láàárọ̀, ọ́ìlì á sì máa jó. Táńà tún gbọ́dọ̀ fi òkúta pa àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ń dábùú ara wọn sí i nínú, àwọn ló ń di ọ́ìlì mú. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń fi bẹntiróòlù nù ún lásán ń fi iyanrìn sílẹ̀ nínú ẹ̀ fún yín ni.

Ẹ bi ẹni tó ń ta ọ̀kadà náà léèrè ohun tó fà á tí wọ́n fi bọ́ọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ eruku ọyẹ́ ló jẹ ẹ́ torí fítà afẹ́fẹ́ tó ti ya, kò burú, ẹ kàn wo fítà tó wà níbẹ̀ báyìí. Bó bá jẹ́ pé ó gan nítorí àìlọ́ìlì, ẹ ṣọ́ra: bẹ́ríńgì kọ́ńródì ti lè fara gbà nínú ẹ̀, bíbọ́ọ̀ ò sì kan ìyẹn.

Èyí tí wọ́n pààrọ̀ sílíìfù ẹ̀, ìyẹn páìpù irin tó wà nínú sìlíńdà, máa ń padà sí ìwọ̀n ilé iṣẹ́. Ó dáa, bí sílíìfù náà bá há dáadáa.

Èyí tí mi ò ní rà láéláé ni èyí tí àwọn ọmọkùnrin fẹ̀ nítorí eré sísá. Ẹ fẹ Boxer yẹn sí mílímítà 62, ó di 177 cc. Ara sìlíńdà á fẹ́lẹ́, ooru á pọ̀, kílọ́ọ̀ṣì àti bẹ́ríńgì sì jẹ́ ti 150 síbẹ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sáré lókè òkun ń ṣe é: Yamaha Raptor 700, mílímítà 102, 686 cc, wọ́n ń fẹ̀ ẹ́ sí 105.5, ó di 734. Ṣùgbọ́n omi ló ń tu ìyẹn lára, wọ́n sì fi nǹkan líle kan bo inú sìlíńdà ẹ̀, táńà wa ò lè kàn gbẹ́ ẹ. Kì í ṣe òun ló ń ru iṣu wálé.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Bó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ti mọ ohun tó ń fi pamọ́. Èéfín aláwọ̀ aró tó bá yọ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì dá, síìlì fáàfù, rọ́bà kékeré tó ń dí ọ́ìlì lọ́nà, ni. Bó bá ń yọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa iná sí i, ríìngì tàbí sìlíńdà ni. Ẹ ní kó mú písítìn àtijọ́ wá. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ gidi sábà máa ń tọ́jú ẹ̀.

Láàárín 0.50 tí mo mọ táńà ẹ̀ àti "tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn" tó ti jẹ ọyẹ́ márùn-ún, 0.50 ni màá mú. Tó bá jẹ́ pé 1.00 ló wà nínú ẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n tún máa gbẹ́ sí mọ́: ẹ yọ owó sílíìfù àti iṣẹ́ ẹ̀ kúrò nínú iye tó pè kí ẹ tó kówó jáde.