Láàbù kan ní Kàbbà tí kì í ka nọ́ńbà nìkan

Ẹ̀yin ọkùnrin Okun tẹ́ ẹ̀ ń wá ọmọ, mo fún láàbù kékeré kan ní Kàbbà ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí màmá tó wà ní káńtà wọn, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe tẹ́sì àtọ̀, wọ́n ní kanti mi, ìyẹn iye sípáàmù (irúgbìn ọkùnrin inú àtọ̀), dáa, wọ́n wá ní kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní sítáfù ló ń dà mí láàmú, bí abẹ́rẹ́ àti àgbo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn (àfi bíi pé kò sí àìsàn míì mọ́ nílẹ̀ yìí ju sítáfù lọ). Ẹ̀gbọ́n tó wà ní láàbù Kàbbà ní kí n wá fojú ara mi wo inú maikirosíkóòpù. Sípáàmù wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ lóòótọ́ o, àmọ́ wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn, orí mọ́ orí, ìrù mọ́ ìrù, ojú kan náà ni wọ́n ti ń gbọ̀n. Ó ní ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi nísàlẹ̀ rí, mo ní ìpá, ní kékeré.

Ó ní ìgbà téèyàn bá bàlágà ni sípáàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, àwọn sójà ara ò mọ̀ wọ́n rí, odi kan ló pààlà sí wọn nínú kórópọ̀n, tí iṣẹ́ abẹ, ìpalára tàbí àrùn bá wá da odi yẹn lu, sójà ara lè kà wọ́n sí ọ̀tá, kó ṣe áńtíbọ́dì (ohun ìjà ara) tó ń lẹ̀ mọ́ wọn lára, á sì ṣòro fún wọn láti la ikun ẹnu ilé ọmọ kọjá. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè fìyẹn nìkan dájọ́, MAR test, tó ń wo iye sípáàmù tí áńtíbọ́dì lẹ̀ mọ́, ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀, inú àtọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ò sì ní in, kí n lọ Àbújá. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ohun tí ò ní! Ní Àbújá, sípáàmù mi tí áńtíbọ́dì lẹ̀ mọ́ ju 50% lọ, ICSI ni wọ́n sì ń bá wa sọ báyìí, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ti sípáàmù kan ṣoṣo sínú ẹyin, owó ẹ̀ le jàre.

Máàkì tí mo yọ: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ò ní kọ́kọ́rọ́ lẹ ti máa gba àtọ̀, màmá káńtà á sì pariwo "ẹni tó fẹ́ fún wa ní àtọ̀ dà?" lójú gbogbo ayé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á wá látilé, kò gbọ̀dọ̀ ju wákàtí kan lọ, ẹ̀yin ará Ìsánlú ẹ má dán an wò. Ẹ ti yàgò fún ìyàwó fún ọjọ́ 2 sí 7 kẹ́ ẹ tó lọ o, wọn kì í sọ ọ́ lórí fóònù.