Àgádágodo idán tí mo rà: ó dáa gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń gbé e

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa àgádágodo idán tí mo rà yìí. Àgádágodo kan, kọ́kọ́rọ́ méje, ẹyọ kan péré ló ń ṣí i. Irin ẹ̀ wúwo, kò jọ ohun ìṣeré ọmọdé rárá. Ìwé tó bá a wá ni kò tó nǹkan, wọ́n kàn ní ká jẹ́ kí àwọn èèyàn mú kọ́kọ́rọ́, ó tán! Ìyẹn ò lè dùn.

Ohun témi ṣe níbi ọjọ́ìbí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi n'Ìkòròdú ni pé mo kó owó sínú àpótí kékeré, mo tì í pa, mo ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ bá ṣí i ló lowó. Há, ariwo ta! Màmá àgbà kan tiẹ̀ gbàdúrà sórí tiẹ̀ kí wọ́n tó tì í bọ̀ ọ́, wọ́n gbìyànjú títí kò ṣí, èyí tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ ló wá ṣí i. Houdini, gbajúgbajà onídán ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kú ní 1926, náà mọ̀ pé àyà tó ń já ni adùn idán. Ẹ má kánjú o, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ọlọ́jọ́ìbí ni mo kó owó náà fún.