Rọ́bà onísípíríǹgì tó bá wa já bàámi gbà lọ́wọ́ ventilator: mo fún un ní 4 nínú 5

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ nǹkan nípa rọ́bà kékeré yìí tí wọ́n fi ń mú kí iṣan ìmí lágbára, torí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ìtàn bàámi ló ń bi mí pé kí la lò gan-an. Ó dáa, ẹ gbọ́.

Ọjọ́ 23 ni bàámi lò lórí ventilator, máṣíìnì tó ń bá èèyàn mí, ní áísíyù, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Pneumonia, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, ló gbé wọn débẹ̀. Pneumonia ọ̀hún ti lọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti dáa, àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n yọ wọ́n lórí máṣíìnì, kì í pé ìdajì wákàtí tí wọ́n á fi máa mí gúlegúle, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á tún sáré dá wọn padà síbẹ̀. Èmi rò pé ẹ̀dọ̀fóró ni ò tíì san. Físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, ló là mí lóye pé iṣan ni, iṣan pẹrẹsẹ kan tó wà láàárín àyà àti ikùn, òun ló ń fa èémí wọlé, tí máṣíìnì bá ti ń bá a ṣiṣẹ́ ẹ̀, ṣe ló máa ń joro bí ẹsẹ̀ tí wọ́n di POP sí. Kì í sì í pẹ́ o! Àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde ní 2008, láàárín wákàtí 18 sí 69 péré lórí máṣíìnì, fọ́nrán iṣan yẹn ti joro ju ìdajì lọ. Wákàtí ni mo sọ o, kì í ṣe ọjọ́.

Kí iṣan yẹn lè padà lágbára ni wọ́n ṣe ń lo rọ́bà yìí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní threshold ni tiwa. Rọ́bà tó mọ́ gaara ni, ẹ ó máa rí inú ẹ̀. Fáàfù kan wà níbẹ̀ tí sípíríǹgì tì pa, nọ́ńbà wà lára ẹ̀ láti 9 dé 41, bẹ́ ẹ ṣe ń yí i lọ sókè ni sípíríǹgì ń le sí i. Tẹ́ ẹ ò bá fa èémí tó nọ́ńbà tẹ́ ẹ yí i sí, fáàfù ò ní ṣí, afẹ́fẹ́ kankan ò ní wọlé. Tó bá ṣí, ẹ máa gbọ́ ọ, fííì. Mímí síta ò ní wàhálà. Kò lo iná, kò lo bátìrì.

Táyà ni bàámi ń lẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọrùn ni wọ́n gbé páìpù ìmí gbà, wọn ò lè sọ̀rọ̀, ìwé la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí físíò kọ́kọ́ gbé nǹkan yìí jáde, bàámi yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n béèrè báírò, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé "GÉÉJÌ Ẹ̀ DÀ?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Físíò á yọ wọ́n lára ventilator, á so rọ́bà yẹn mọ́ páìpù ọrùn, "Bàbá, ẹ fà á, ẹ fà á dáadáa sà!" Ẹ̀ẹ̀mẹfà, á dá wọn padà sórí máṣíìnì kí wọ́n sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀, ìgbà márùn-ún bẹ́ẹ̀, èémí 30 lójúmọ́. Orí 11 la ti bẹ̀rẹ̀. Èémí kẹfà ni físíò ń ṣọ́, ó ní tó bá rọrùn, ó ti fúyẹ́ jù nìyẹn, agbára káká ló gbọ́dọ̀ fi wọlé. Iṣan ọrùn bàámi yọ bí okùn, ojú wọn pọ́n, mo ní "ó tó báyìí jàre," físíò ò tiẹ̀ wojú mi, mọ́nítọ̀ ọ́síjìn ló ń wò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án a ti dé 21, bàámi fi wákàtí mẹ́ta mí fúnra wọn, nígbà tó yá ó di gbogbo ọ̀sán, títí wọ́n fi gbé máṣíìnì kúrò níbẹ̀.

Ṣé rọ́bà yìí nìkan ló ṣe é? Mi ò ní parọ́. Ní Florida, wọ́n kó èèyàn 69 tí wọ́n ti gbìyànjú títí tí wọn ò bọ́ lórí ventilator, 2011 ni wọ́n gbé e jáde: nínú 35 tó ṣe ìdárayá yìí, 25 ló bọ́, nínú 34 tí wọ́n fún ní èyí tó kàn jọ ọ́, 16 ló bọ́. Ẹ rí i pé mẹ́wàá ṣì wà tó ṣe é tí ò bọ́, torí náà kẹ́nì kan má tà á fún yín bí àgbo gbogboǹṣe.

Níbi títà yẹn ni inú ti bí mi. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, èyí tó ní bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni wọ́n dì fún mi, "ọ̀kan náà ni mọ̀mí." Irọ́! Oníbọ́ọ̀lù yẹn, kí ẹ̀dọ̀fóró lè ṣí dáadáa ni wọ́n ń fún èèyàn, bíi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò sí sípíríǹgì nínú ẹ̀ tí iṣan máa bá jà. Wọ́n kọ̀ wọn ò dá owó mi padà. Èyí tó jẹ́ ojúlówó ò tó owó àpò ìrẹsì kan nígbà tí mo rí i rà.

Máàkì kan tí mo yọ, orí 9 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wúwo fún ẹni tó ti rẹ̀ gan-an, àti pé láìsí físíò, rọ́bà lásán ni. Sátidé àti Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó ń wá ní ọsibítù wa. Ẹ má dán an wò fúnra yín o, ẹni tí ò bá sì tíì jí dáadáa tó máa gbọ́ "ẹ fà á," kò wúlò fún un.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ lẹ fi máa fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹnì kan ló ń lo ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yéé bi mí bóyá mo lè yá yín ti bàámi. Bàámi ti fi máákà kọ orúkọ wọn sí i lára, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára táyà oníbàárà.