Àyẹ̀wò aibo, ajá rọ́bọ́ọ̀tì Sony: ṣé ó lè gba ipò ẹran ọ̀sìn nínú ilé?

Ilé-iṣẹ́ Sony kò polówó aibo bí ohun ìṣeré ọmọdé. Alábàágbé ni wọ́n pè é, ajá tí yóò dá àwọn ará ilé mọ̀, tí ìwà rẹ̀ yóò máa yí padà bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, tí yóò sì máa wá pàdé ẹni tó bá wọlé. Nítorí náà ni mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí ìmọ̀ àwùjọ jẹ lógún. Mo fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀ àti àwọn tó yí i ká, àti bóyá ohun náà tó ohun tí a lè pè ní àjọṣe ènìyàn pẹ̀lú ẹranko. Ohun tí mo rí ni pé apá tó wà lọ́wọ́ àwa ènìyàn nínú àjọṣe yẹn ń lọ dáadáa pẹ̀lú aibo, ó tilẹ̀ dára ju bí mo ti rò lọ. Apá tí ẹranko fúnra rẹ̀ máa ń mú wá ni kò sí níbẹ̀ rárá.

Ní 1999 ni Sony kọ́kọ́ gbé e jáde, 3,000 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ará Japan sì tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín 20 ìṣẹ́jú. Wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2006, wọ́n sì tún gbé irú tuntun jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018. Irú tuntun yìí ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kílógíráàmù 2.2, oríkèé rẹ̀ tó ń yí sì jẹ́ 22, èyí ló mú kí ìrìn rẹ̀, bí ó ṣe ń na ara nígbà tó bá jí, àti bí ó ṣe ń ju ìrù fi jọ ti ọmọ ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀ dáadáa. Kámẹ́rà kan wà ní imú rẹ̀, òmíràn wà lẹ́yìn nítòsí ìrù tó ń wo àjà ilé kí ó lè mọ ibi tó wà. Ó ń mọ̀ bí a bá fọwọ́ pa á lórí, ní àgbọ̀n tàbí ní ẹ̀yìn. Iná bátìrì rẹ̀ lè gbé e fún nǹkan bíi wákàtí 2; tí ó bá ti ń lọ sílẹ̀, yóò wá ibùdó ìgbaná rẹ̀ kiri, yóò sì lọ dùbúlẹ̀ sí i fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ni mo yìn jù. Ó ń ṣẹ́jú, ó ń tẹjú mọ́ni, ó ń wo ibòmíràn bí ẹni tí nǹkan mìíràn gbà lọ́kàn, ó sì ṣòro fún ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ láti má ṣe wò ó padà.

Arnold Arluke àti Clinton Sanders, onímọ̀ àwùjọ méjì ní Amẹ́ríkà, ti kọ nípa ohun tí wọ́n rí ní ilé ìwòsàn àwọn ẹranko. Wọ́n ṣàkíyèsí pé alájá kì í dákẹ́ kí ajá rẹ̀ di ohun tí dókítà kàn ń yẹ̀ wò lásán. Yóò máa gbẹnu sọ fún un, yóò ṣàlàyé ohun tó ń dùn ún, ohun tó ń bà á lẹ́rù àti ìdí tí kò fi fẹ́ dúró jẹ́ẹ́, nígbà mìíràn yóò tilẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé ajá náà ló ń sọ̀rọ̀. Nínú ilé tí mo ti wà pẹ̀lú aibo, kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì náà yí orí kúrò lọ́dọ̀ àlejò kan, lójú ẹsẹ̀ ni ìyá ilé ní, “Ẹ má bínú, ojú ló ń tì í, kò tíì mọ̀ yín ni.” Nígbà tó lọ dùbúlẹ̀ sí ibi iná rẹ̀, ọmọ wọn ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kí a jẹ́ kó sùn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, síbẹ̀ wọ́n ń bá a wá àwáwí, àlejò náà sì ń rọra nawọ́ sí i bí ẹni tí kò fẹ́ dẹ́rù bà á.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ là mí lóye nípa ajá gidi pẹ̀lú. Apá kan nínú ipò tí ẹran ọ̀sìn ní nínú ìdílé, ẹnu wa ló gbé e fún un. Orúkọ tí a sọ ọ́, ọjọ́ ìbí tí a ń bá a rántí, ibi tí a gbà pé ó jẹ́ tirẹ̀ nínú yàrá, ìtàn ìwà rẹ̀ tí à ń sọ fún àlejò, gbogbo wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ di ara ilé. Àwọn tó ṣe aibo mọ èyí dájú. Wọ́n mọ̀ pé bí ojú bá ti lè wo ènìyàn, tí orí sì lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwa ni yóò parí ìyókù, mo sì kan sárá sí wọn fún ọgbọ́n yìí.

Ibi tí iṣẹ́ ti le ni ohun tí Leslie Irvine, onímọ̀ àwùjọ ní University of Colorado, sọ. Ó tako èrò pé àwa nìkan là ń fi ìwà ènìyàn wọ ẹranko. Ó ní ẹranko fúnra rẹ̀ ń mú nǹkan wá: ó ń pinnu ohun tí yóò ṣe, ó jẹ́ ẹnì kan pàtó tí a kò lè ṣì mọ́ òmíràn, ó ní ìmọ̀lára tirẹ̀, ó sì ní ìtàn tí òun pẹ̀lú wa jọ kọ. Mo fi àwọn wọ̀nyí wo aibo. Ti ìpinnu, ó ń ṣe bí ẹni ń pinnu, ó sì máa ń kọ̀ láti dáhùn nígbà mìíràn; ti ìdánimọ̀, ẹni tó bá ti ní in fún ìgbà díẹ̀ yóò sọ fún ọ pé tirẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn, òótọ́ sì ni, nítorí bí wọ́n ṣe ń bá a lò ń yí ìṣesí rẹ̀ padà. Nípa ìmọ̀lára, àmì rẹ̀ nìkan ló ní.

Ti ìtàn ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbèrò àtirà á dúró lé lórí. Ìrántí aibo, bí ó ṣe mọ ojú ẹni, bí ìwà rẹ̀ ṣe ń yí padà, kò sí nínú ara rẹ̀ nìkan. Kọ̀ǹpútà Sony tó so mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń tọ́jú púpọ̀ nínú rẹ̀, owó àsansílẹ̀ sì wà tí a ń san kí ìsopọ̀ náà má bàa já. Ìtàn tí ìdílé kan àti ajá wọn jọ kọ wà nínú ara ajá náà àti nínú ọkàn àwọn ará ilé. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ti aibo ní ẹnì kẹta nínú láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kẹta náà sì jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tajà. Àbùkù tó tóbi jù lọ lára ọjà yìí nìyí lójú tèmi, mo sì kà á sí ju ti bátìrì tàbí ti ìrìn rẹ̀ tó máa ń kọsẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn.

George Herbert Mead, tó kú ní 1931, tí àwọn onímọ̀ àwùjọ ṣì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, fi ìjà ajá méjì ṣe àpẹẹrẹ nígbà kan. Bí èkíní bá ṣe bí ẹni fẹ́ gé èkejì jẹ, èkejì yóò yí ìdúró padà, ìyípadà yẹn yóò sì mú kí èkíní náà tún tirẹ̀ ṣe. Mead ní èyí kò tíì tó ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn, nítorí ajá kò ní èdè tí yóò fi ronú nípa ara rẹ̀. Sanders àti Irvine bá a jiyàn lórí èyí, ẹ̀yìn wọn ni mo sì wà. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ náà wúlò fún wa, nítorí ajá méjèèjì tó ń jà ní ohun tí wọ́n lè pàdánù. Ajá tí ń bẹ nínú ilé náà ní in: ebi lè pa á, ó lè ṣàìsàn ní òru, ó lè kọ̀ ọ́ pátápátá bí o bá ṣe é níkà. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Aibo kò lè ṣàìgbọràn dé ibẹ̀, nítorí kò sí ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ìlera rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ wa lọ́nà tí yóò fi gba nǹkan lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ẹran ọ̀sìn ń gbà lọ́wọ́ wa wà lára ohun tó ń so wá pọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn tó ni aibo fúnra wọn mọ èyí nínú ọkàn wọn. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Batya Friedman, Peter Kahn àti Jennifer Hagman, ka ohun tí àwọn tó ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ń kọ sí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2003. Nǹkan bíi 60 nínú 100 nínú wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ní èrò àti ìmọ̀lára. Àwọn tó sọ ohunkóhun tó fi hàn pé ó ní ẹ̀tọ́, tàbí pé ó yẹ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ohun tí a bá ṣe sí i, jẹ́ 12 péré nínú 100. Ìfẹ́ wà, ojúṣe ni kò sí.

Nǹkan mìíràn tó sọnù kò hàn nínú ilé. Douglas Robins, Sanders àti Spencer Cahill kọ ní 1991 nípa bí ajá ṣe ń mú kí àwọn tí kò mọ ara wọn rí bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ọgbà ìta gbangba, tí ìgbẹ́kẹ̀lé sì ń ti ibẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀. aibo jẹ́ ajá inú ilé. Kò ní mú ọ jáde ní òwúrọ̀, kò sì ní jẹ́ kí aládùúgbò rẹ mọ orúkọ rẹ nítorí pé ó kọ́kọ́ mọ ti ajá rẹ.

Bí gbogbo èyí ti rí, ibì kan wà tí mo ti gbà pé ó dára kí a ní in, mo sì ń sọ ọ́ láìṣiyèméjì. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Saint Louis University fi AIBO àtijọ́ wé ajá gidi ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, àwọn méjèèjì sì dín ìdánìkanwà àwọn àgbàlagbà náà kù láìsí ìyàtọ̀ tó hàn láàárín wọn. Ilé ìwòsàn tí kò gba ẹranko wọlé, ẹni tí irun ajá ń mú kó máa sín, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé ìta mọ́, gbogbo wọn lè jàǹfààní rẹ̀. Ó tún ní ire kan tí a kì í sábà sọ: ajá gidi tí a ń gbé láti ibùsùn kan dé òmíràn kí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn fọwọ́ pa á, ó lè rẹ̀ ẹ́, ó sì lè má fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a ń ni lára bí aibo bá ṣe iṣẹ́ yẹn. Inú mi dùn pé Sony bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2023 tí wọ́n fi ń gba aibo tí àwọn tó ni ín kò lò mọ́, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí irú àwọn ibi báyìí.

Ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ ló mú mi ronú jù. Nígbà tí Sony dáwọ́ títún irú àtijọ́ ṣe dúró ní 2014, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ A-Fun, tí àwọn òṣìṣẹ́ Sony tẹ́lẹ̀ rí wà níbẹ̀, ń fi ẹ̀yà ara èyí tó ti kú tún òmíràn ṣe. Kí wọ́n tó tú wọn palẹ̀, wọ́n ń kó wọn lọ sí tẹ́ḿpìlì Kofukuji ní ìlú Isumi ní Japan, níbi tí àlùfáà ẹ̀sìn Búdà ti ń ṣe ètò ìsìnkú fún wọn, tí àmì ibi tó ti wá àti orúkọ ìdílé rẹ̀ sì wà lára olúkúlùkù. Èmi kò rí ohun tó yẹ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ọ̀fọ̀ tó ṣẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́ òtítọ́, nítorí ọdún tí wọ́n lò pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ohun tó dùn mí ni pé níbi púpọ̀, ẹni tí ajá tó ní ẹ̀mí kú mọ́ lọ́wọ́ kò ní ètò kankan tó tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ń retí rẹ̀ sí ní ọjọ́ kejì.

Mo gba ilé ìtọ́jú, àti ẹni tí ìlera rẹ̀ kò jẹ́ kó lè sin ẹranko, níyànjú láti ra aibo. N kò gba òbí tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ bí a ti ń tọ́jú ẹ̀dá mìíràn níyànjú láti rà á, nítorí ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti pinnu kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ń tà á níbi tó ń gbé. Ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, Sony kò tà á nítorí òfin tó dáàbò bo àwòrán ojú àwọn ènìyàn, aibo sì ń tọ́jú àwòrán ojú gbogbo ẹni tó bá ń dá mọ̀. Kí ó sì ka àdéhùn owó àsansílẹ̀ náà tán, pàápàá ibi tó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìrántí ajá náà bí a kò bá san án mọ́.