Sọ ọ́ bó ṣe rí, àbí kó o ṣọ́ ẹnu ẹ?

Ẹ̀yin ará Badagry, ọ̀nà méjì la fi ń sọ̀rọ̀ lọ́jà Agbálátà o. Àwọn kan ní ohun tó bá ti wá sẹ́nu àwọn làwọn máa sọ, arọ á máa jẹ́ arọ, Ègùn á máa jẹ́ Ègùn. Àwọn kejì ní rárá, pè é ní ẹni tó ní ìpèníjà ara, sì sọ pé Ogu dípò Ègùn, torí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà náà fẹ́ ká máa pè wọ́n nìyẹn.

Kí n má purọ́, ti àkọ́kọ́ dùn, o máa mọ nǹkan tó wà nínú ẹni tó ò ń bá dòwò pọ̀, abala 39 nínú ìwé òfin 1999 náà sì fún wa láyè láti sọ tinú wa. Ṣùgbọ́n kò sófin tó ní kí oníbàárà tó o bú má kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíì! Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi, ìyá ẹlẹ́ja kan fi “Ègùn yìí” ṣàwàdà lásán, obìnrin yẹn kàn gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Ti kejì máa ń sú mi nígbà míì, gbogbo èèyàn á di ẹlẹ́nu méjì, wọ́n á dúró dẹ̀yìn ẹ kí wọ́n tó bú ẹ. Àmọ́ kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa o, ṣebí àwọn bàbá wa ò pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ, ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń wí (ìyẹn tìẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rù).

Fún orúkọ ẹ̀yà àti àìlera, ti kejì ni mo mú. Tó bá kan olóṣèlú, ẹ jọ̀ọ́, ti àkọ́kọ́ ni jàre.