Èèkàn onísukúrù fún tirampolíìnì: irin rẹ̀ dára, bẹ́líìtì rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún dídè tirampolíìnì (férémù irin tí wọ́n fi sípíríǹgì na aṣọ ìfò sí láàárín, tí àwọn ọmọ ń fò lórí rẹ̀) mọ́lẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àpò kékeré tí èèkàn mẹ́rin àti bẹ́líìtì mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ìdí èèkàn náà lọ́ yípo, òrùka irin sì wà lórí rẹ̀ tí a lè ki ọ̀pá bọ̀ láti fi yí i wọlẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ ọgbà rẹ̀ bá dì dáadáa tó sì rà á kò fowó ṣòfò. Àmọ́ bí a bá ṣe so ó ló máa sọ bóyá yóò dúró nígbà tí ìjì bá dé, ìwé ìlànà inú àpò náà kì í sì í sábà ṣàlàyé ìyẹn tó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èèkàn mẹ́rin yìí ń bá jà. Tirampolíìnì ẹsẹ̀-bàtà 12 fẹ̀ tó mítà 3.66 láti etí kan dé èkejì, ojú rẹ̀ lápapọ̀ sì lé ní mítà onígun mẹ́rin 10. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan ń fi nǹkan bí ìwọ̀n kílò 6 ti mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tó bá dojú kọ ọ́. Bí eré náà bá di ìlọ́po méjì, tó di 72, kílò 6 yẹn kì í di 12, nǹkan bí 25 ló ń dà, torí pé bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ ń di ìlọ́po mẹ́rin. Ká tiẹ̀ ní ìdajì rẹ̀ péré ló ráyè wọ abẹ́ aṣọ ìfò, ó ti lé ní kílò 130 tó ń gbé e sókè, bẹ́ẹ̀ irin, sípíríǹgì àti aṣọ ìfò lápapọ̀ kì í sábà tó kílò 100. Nẹ́ẹ̀tì ààbò tó yí i ká tún ń gba afẹ́fẹ́ sára bí ìgbòkun. Etí kan ló ń kọ́kọ́ gbéra. Bó bá ti gbéra, gbogbo abẹ́ rẹ̀ ló kọjú sí afẹ́fẹ́, ó sì lè máa yí gbirigbiri lórí etí rẹ̀ títí yóò fi kan ògiri, ọkọ̀ tàbí ènìyàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é tì ni pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń so bẹ́líìtì mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ tirampolíìnì, ńṣe ni wọ́n kàn ki páìpù òkè bọ orí ẹsẹ̀, tí sukúrù kékeré kan sì dì í mú. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní sukúrù yẹn. Ìjì líle á fa òrùka òkè yọ kúrò lórí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ àti èèkàn á dúró síbẹ̀ digbí, ìyókù á ti lọ. Òrùka òkè gan-an, páìpù tí sípíríǹgì fi kọ́, ni kí ẹ so bẹ́líìtì mọ́. Ẹ ká tìmùtìmù tó bo sípíríǹgì kúrò, ẹ ti bẹ́líìtì gba àárín sípíríǹgì méjì, ẹ gbé e yí páìpù náà ká, kí ẹ wá fà á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe so ó sí agbedeméjì ẹsẹ̀ méjì, torí ibẹ̀ ni páìpù ti máa ń tẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ gun orí sípíríǹgì tàbí kan aṣọ ìfò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fò ni irin á máa ha á, títí yóò fi já.

Gígùn bẹ́líìtì ṣe pàtàkì kí ẹ tó rà. Òrùka òkè sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 80 sí 90, bẹ́líìtì á sì gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí kò bá tó mítà 2, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ohun tí a lè gbà níyànjú fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti irin, ẹ wá èyí tó nípọn tó mílímítà 10, tó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40. Mílímítà 8 máa ń tẹ̀ bó bá pàdé òkúta. Èyí tí wọ́n rì sínú síǹkì gbígbóná ní àwọ̀ eérú tí kì í dán, kì í sì í tètè dípẹtà. Èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà kùn, ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti yí i wọlẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí páìpù omi, páìpù gáàsì àti wáyà iná gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, ẹ bomi rin ojú ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí àlàfo àárín èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí méjì nínú wọn sì wà ní ìhà ibi tí ìjì ti sábà máa ń wá. Ẹ ki ọ̀pá bọ òrùka, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń yí i sí ọ̀tún. Bó bá ń yí láìwọlẹ̀, ńṣe ló ń po ilẹ̀, ilẹ̀ tó bá sì ti pò kì í di nǹkan mú mọ́: ẹ yọ ọ́, kí ẹ sún un síwájú níwọ̀n ẹsẹ̀-bàtà kan. Kí èèkàn náà wọlẹ̀ ní ìdagun kan náà pẹ̀lú bẹ́líìtì tó ń fà á. Èèkàn tó dúró ṣánṣán tí bẹ́líìtì sì ń fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa gé ilẹ̀ níwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ihò rẹ̀ á máa fẹ̀, títí á fi yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ yí i títí òrùka fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, kí ọmọ má baà fẹsẹ̀ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọ̀pá mú, kí ẹ fi gbogbo agbára fà á sókè. Bó bá yọ níwọ̀n ìka kan péré, ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára tó.

Ìṣòro ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé òjò sábà máa ń bá ìjì rìn. Ilẹ̀ tó di èèkàn mú gbọn-in nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ á rọ̀ lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì, ìgbà yẹn gan-an sì ni ẹ̀fúùfù ń dé. Nínú iyanrìn tàbí ilẹ̀ àkùrọ̀, ẹ̀yà kúkúrú yìí kò tó. Ẹ wá èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tí abẹ́ irin rẹ̀ fẹ̀, tàbí kí ẹ fi mẹ́jọ rọ́pò mẹ́rin.

Bẹ́líìtì ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Pọ́lísítà la fẹ́, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i bí omi bá kàn án. Náílọ́ọ̀nù máa ń gùn nígbà tó bá tutù, ohun tó fún lánàá á ti dẹ̀ lónìí. Pọ́lípúrópílíìnì kò lè fara da oòrùn: bí ẹ bá fi èékánná ha á tí ìyẹ̀fun ń yọ lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Irin ìdè tó ń bu bẹ́líìtì jẹ máa ń yọ̀ bí ọmọ bá ti ń fò, ẹ ta kókó sí ìrù bẹ́líìtì lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ní eyín, irú tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀, kì í yọ̀, àmọ́ ó lágbára débi pé ó lè fa férémù wọ́. Ẹ fún un kí ó má dẹ̀, kó tán síbẹ̀. Ẹ yí bẹ́líìtì po lẹ́ẹ̀kan kó tó délẹ̀, kò ní máa gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́, kò sì ní máa kùn hùn-ùn lóru. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fò lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ á ti rì díẹ̀, ẹ tún gbogbo rẹ̀ fún.

Èèkàn onílẹ́tà U tí wọ́n ń fi òòlù gbá wọlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nìkan ló ń dì mú. Ẹ lè fi kún èyí, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀. Lórí kọ́ńkéré, ẹ má ra ìkankan nínú méjèèjì. Àpò iyanrìn ló kàn níbẹ̀, kílò 25 méjì sórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ fi okùn so mọ́ òrùka òkè. Ẹ fi àpò kan sínú òmíràn, torí oòrùn máa ń ya èyí tó wà lóde.

Nẹ́ẹ̀tì ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí ìjì tó dé, èèkàn ì báà dára tó ti wù kó rí. Bí ẹ bá rí i tí ẹ̀ka igi ńlá ń mì, tí agboòrùn kò sì rọrùn láti dì mú mọ́, afẹ́fẹ́ ti wọ nǹkan bí kìlómítà 40 sí 50 ní wákàtí kan, nẹ́ẹ̀tì ti yẹ kó wà nínú ilé nígbà yẹn. Bí wọ́n bá kéde ìjì tó lé ní 75, ẹ yọ aṣọ ìfò náà, torí férémù lásán kò ní ojú tí afẹ́fẹ́ lè gbá mú. Ìkọ́ irin tó bá tirampolíìnì wá ni kí ẹ fi yọ sípíríǹgì: ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ yọ èyí tó dojú kọ ọ́ lódìkejì, kí ẹ wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni títí tí yóò fi tán. Bí ẹ bá yọ ti ìhà kan tán kí ẹ tó bọ́ sí ìkejì, ìhà tó kù á fa férémù wọ́, sípíríǹgì tó gbẹ̀yìn á sì le débi pé ó lè ta mọ́ yín lójú.