Ìkìlọ̀: ẹ má ra reed bagpipe lọ́wọ́ oní-fídíò àfiwé ohùn yìí

Ẹ̀yin ará wa tó ń fọn bagpipe (fèrè alápò), àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ ọ níléèwé ní Scotland níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì £95, mi ò sì fẹ́ kó kan ẹlòmíì.

Ọkùnrin kan ń ta reed, ègé kékeré inú bagpipe tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde, lórí Facebook. Fídíò ló fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra. Nínú rẹ̀, ó fọn bagpipe kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní oríṣi reed mẹ́rin fún drone, àwọn ọ̀pá tó ń gbe orin lẹ́sẹ̀, ni òun fi sí i: ti cane, ohun ọ̀gbìn tó jọ ọparun tí wọ́n ti ń lò látayébáyé, ti oníke tí ahọ́n rẹ̀ jẹ́ carbon fibre, àti méjì mìíràn. Ó ní ká gbọ́ bí ìkẹta ṣe dùn tó. Ó dùn lóòótọ́. Bass, drone tó gùn jù, ń hùn nísàlẹ̀, tenor méjèèjì, àwọn drone tó kúrú, lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Mo rà á.

Fún ẹ̀yin òbí tí ẹ kò fọn ọ́n rí: chanter ni ìka ń ṣeré lórí rẹ̀, òun ló ń dá orin, drone mẹ́ta tó gùn lé èjìká ló ń gbè é. Abala cane méjì tí wọ́n so pọ̀ ni reed chanter, bíi ti algaita tí àwọn Hausa ń fọn. Ahọ́n kan ṣoṣo ni ti drone ní. Bí reed drone bá ti bàjẹ́, ègbè ti dàrú nìyẹn, ìka ì báà mọ eré bí ó ti wù kó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ẹrù dé, wọ́n ti fá orúkọ ẹni tó ṣe reed kúrò lára rẹ̀. Òwú ìdí rẹ̀ ti dúdú, ìda àtijọ́ ti gbẹ mọ́ ọn. Ahọ́n ti bass ti tẹ̀. Mo tì í bọ inú bagpipe mi: tenor kan ń gbé afẹ́fẹ́ mì bí ìgbà tí àpò ń jò, èkejì ń dákẹ́ bí mo bá ti fún àpò díẹ̀, bass sì ń bú bí ọ̀pá ẹ̀fin ọkọ̀. Mo sún rọ́bà kékeré tó di ahọ́n mú, kí ahọ́n lè kúrú, kó má baà jẹ afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́. Mo kọ̀wé sí i. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró mi ni kò lágbára. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, ó búlọ́ọ̀kì mi.

Ìgbà yẹn ni mo tó padà sídìí fídíò náà, tí mo fara balẹ̀ wò ó. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ reed drone rí mọ̀ pé bí reed bá yí padà, ibi tí drone ti máa bá chanter mu náà á yí padà. Ẹ ní láti fa ọ̀pá òkè sókè tàbí kí ẹ tì í wálẹ̀. Nínú fídíò yẹn, reed mẹ́rin, ọ̀pá kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ bá ara mu rẹ́gí. Mo gbé ohùn rẹ̀ sínú áàpù tí mo fi ń tún ohùn bagpipe mi ṣe: bass ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹrin, ojú kan náà. Ibì kan tún wà tí apá rẹ̀ yọ̀ lórí àpò, tí ìró kò mì rárá. Ohùn kan ṣoṣo ló lẹ̀ mọ́ àwòrán mẹ́rin. Ìyàtọ̀ tí mo rò pé mo gbọ́ kò ju bí a ti ń yí bọ́tìnnì rédíò lọ.

Ẹ má fi fóònù dá ẹjọ́ drone láé. Bí low A, ìró ìpìlẹ̀ chanter, bá wà ní nǹkan bí 480 Hz (ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n ní ìgbà 480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tenor á wà ní 240, bass ní 120. Spíkà fóònù kékeré kì í lè gbé ìró 120 yẹn jáde dáadáa. Ìpè orí WhatsApp kò sàn jù ú lọ: àwọn áàpù ìpè máa ń gé ariwo tí kò yí padà kúrò, bíi ti fáànù, ohùn drone sì jọ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹ lọ bá òǹtajà lójúkojú, ẹ gbé bagpipe tiyín dání, torí reed tó dùn nínú bagpipe ẹlòmíì lè má dùn nínú tiyín. Ẹ di bass àti tenor kan, kí ẹ fọn ẹyọ kan tó kù. Ẹ rọra fún àpò sí i: reed tó dára kò ní tètè yẹ̀ kúrò lójú ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí tenor kejì, ẹ ó gbọ́ wọ́ọ̀-wọ́ọ̀-wọ́ọ̀. Bí ẹ ṣe ń sún ọ̀pá, wọ́ọ̀-wọ́ọ̀ náà á máa falẹ̀ títí á fi dúró. Bí kò bá dúró, ẹ má sanwó. Cane ni ọkàn mi fẹ́ jù, ohùn rẹ̀ kún ju ti oníke lọ létí mi, àmọ́ ọ̀rinrin èémí àti ojú ọjọ́ Glasgow máa ń yí i.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta odindi bagpipe báyìí ní £250, ó ní African blackwood ni. Ìyá kan ní ìjọ wa rà á fún ọmọ rẹ̀. Mo fi aṣọ funfun àti ọtí nù ún, aró dúdú jáde. Ojúlówó igi yẹn, tó ń ti Tanzania àti Mozambique wá, wúwo débi pé ó ń rì sómi, tuntun tí wọ́n fi ṣe sì máa ń ju £1,000 lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ nílò àpò. Practice chanter, fèrè tí kò ní àpò àti drone, ni wọ́n fi ń kọ́.

Yóò ní kí ẹ fi PayPal san án bí owó ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Bí mo ṣe san tèmi nìyẹn, PayPal kì í dáàbò bo irú owó bẹ́ẹ̀. Mo ti pe ọlọ́pàá Scotland lórí 101. Láàárọ̀ yìí mo tún rí fídíò kan náà lábẹ́ orúkọ tuntun, àpò aláwọ̀ ewé kan náà, kọ́tìnnì kan náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ tọ́jú fọ́tò reed àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ, kí ẹ fi ẹjọ́ tiyín kún un.